Mónítọ̀ méjì lára láptọ́ọ̀pù kan lórí Linux: VGA kò kọjá 1024x768, ojú kẹta kò sì tàn

#1 Atẹ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mónítọ̀ ni mo gbé wá síwájú yín.

Ẹ̀rọ náà: láptọ́ọ̀pù tó ní Core i5-2520M, Intel HD 3000 ló ń yàwòrán rẹ̀. Debian 12 ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú Xfce (tábìlì ojú rẹ̀) àti Xorg (ètò tó ń gbé àwòrán sójú). Ojú tirẹ̀ jẹ́ 1366x768. Mónítọ̀ ínṣì 24 wà lójú ihò HDMI, 1920x1080 ni. Èkejì jẹ́ ínṣì 20, ó wà lójú ihò VGA, 1600x900 ni. Ibi ìtẹ̀wé nítòsí ọjà Wàndó ni wọ́n wà. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fẹ́ kó ṣiṣẹ́ pọ̀: ìwé tí a ń tò lójú ńlá, fọ́ńtì àti àwọ̀ lójú VGA, ohun tí oníbàárà kọ ránṣẹ́ lójú láptọ́ọ̀pù.

Ohun méjì ló dí wa lọ́wọ́. VGA kò kọjá 1024x768, àwòrán ibẹ̀ sì fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà "o" dà bí ẹyin tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí a bá sì ní ká fi xrandr, àṣẹ tí a fi ń to mónítọ̀, tan ojú kẹta, ohun tó ń kọ jáde nìyí:

`xrandr: cannot find crtc for output VGA-1`

Okùn VGA náà tuntun ni. Mónítọ̀ náà kò bàjẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní okùn tirẹ̀.

#2 Ìyá Ẹ̀rọ Kétu

O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ méjì yìí kò bára wọn tan. Ọ̀kan lè jẹ́ ti okùn, a óò wò ó. Èkejì jẹ́ bí wọ́n ṣe dá chip náà, òun ni kí n kọ́kọ́ sọ nítorí pé kò ní àtúnṣe.

CRTC ni apá tó ń ka píksẹ́lì láti inú ìrántí ẹ̀rọ, tó sì ń rán an jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan sí mónítọ̀. Àwòrán kan, CRTC kan. HD 3000 jẹ́ ti ìran Sandy Bridge, ti ọdún 2011, CRTC méjì péré ló ní. Ilé onílẹ̀kùn mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n olùṣọ́ méjì ló wà nílé. Èyíkéyìí nínú ojú mẹ́ta náà lè tàn, ṣùgbọ́n méjì ló lè tàn lẹ́ẹ̀kan. Kò sí àṣẹ, kò sí dráífà tó lè bí ẹ̀kẹta sí i.

Ivy Bridge tó tẹ̀lé e ní 2012 ló kọ́kọ́ gba mẹ́ta, síbẹ̀ aago tó ń darí àwọn ihò rẹ̀ jẹ́ méjì. Bí HDMI, VGA àti ojú ara láptọ́ọ̀pù bá béèrè ìyára tó yàtọ̀ síra, ẹ̀kẹta lè kọ̀. DisplayPort ló ń jẹ́ kó rọrùn níbẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ra ẹ̀rọ tuntun-àlòkù nítorí èyí nìkan láì wo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, yan méjì. Èrò mi ni pé kí o pa ojú láptọ́ọ̀pù, kí HDMI àti VGA máa ṣiṣẹ́. Ojú 1366x768 kò fẹ̀ tó fún ìwé títò.

Fún ti VGA, má ì tíì tẹ àṣẹ kankan tó ń yí nǹkan padà. Bi kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, léèrè ohun tó rí ná:

`for i in /sys/class/drm/card*-*; do echo "$(basename $i) $(cat $i/status) $(cat $i/edid | wc -c)"; done`

Fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí wa bó ṣe rí, má ṣe gé e kúrú.

#3 Atẹ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ohun tó kọ rèé:

`card0-HDMI-A-1 connected 256`
`card0-LVDS-1 connected 128`
`card0-VGA-1 connected 0`

Mo rí i pé HDMI-A-1 ló pè é níbí, HDMI-1 sì ni xrandr ń pè é. Ṣé ihò kan náà ni? Ṣé kì í ṣe pé kò yẹ kí VGA jẹ́ "connected" bí kò bá rí nǹkan kan?

#4 Okùn-Kò-Já

Ihò kan náà ni. Kernel ní orúkọ tirẹ̀, Xorg ní tirẹ̀. LVDS-1 ni ojú ara láptọ́ọ̀pù. Orúkọ tí xrandr bá kọ ni kí o máa lò nínú àṣẹ xrandr.

Òdo yẹn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Gbogbo mónítọ̀ ló ń gbé ìwé ìjẹ́rìí kékeré kan kiri, EDID lorúkọ rẹ̀, báìtì 128 tàbí 256 lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni orúkọ mónítọ̀ wà, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà àti àwọn ìwọ̀n píksẹ́lì tó lè gbé. Kọ̀ǹpútà kò mọ 1600x900 bí kò bá rí ìwé yìí kà, ló bá ń mú 1024x768 tí gbogbo mónítọ̀ mọ̀.

Bó ṣe jẹ́ "connected" síbẹ̀: VGA kì í wo EDID nìkan. Ẹ̀rọ máa ń rán iná díẹ̀ sórí wáyà àwọ̀, kó lè mọ̀ bóyá resistor 75 ohm wà lópin rẹ̀. Ó rí ìyẹn, ó mọ̀ pé mónítọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ irú mónítọ̀ tó jẹ́ ni kò mọ̀.

Ẹ wo ẹnu okùn yẹn dáadáa. Abẹ́rẹ́ 15 ló yẹ kó wà lẹ́nu VGA, ìlà mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ 1 sí 5, ìlà àárín 6 sí 10, ìlà ìsàlẹ̀ 11 sí 15. Bí 9 kò bá sí, ẹ má fòyà, ọ̀pọ̀ okùn tó dáa ni kò ní i. Nọ́ńbà 12 àti 15 ni ẹ máa wá. 12 ló ń gbé ọ̀rọ̀ EDID, 15 sì ni aago rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣàìsí, EDID kò lè kọjá.

Kí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu kò tíì ní kí wáyà wà nínú o. Àwọn okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí abẹ́rẹ́ wọn pé, tí wọn kò sì so 12 àti 15 mọ́ wáyà kankan. Ẹ mú mítà tí àwọn oníná fi ń dán wáyà wò, ẹ fi sí ibi tó ń dún, kí ẹ fọwọ́ kan 12 ní ìpẹ̀kun kan àti 12 ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ rántí pé bí ẹ bá kọjú ẹnu méjèèjì síra wọn, ọ̀tún ọ̀kan ni òsì èkejì. Nọ́ńbà kéékèèké wà lára ike náà, ẹ tan iná sí i.

#5 Atẹ̀wé Àjàṣẹ́

Abẹ́rẹ́ pé, àfi 9. Mítà dún lórí 15, kò dún lórí 12 rárá. Okùn ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nílẹ̀ lónìí, ṣé a lè fipá sọ fún un pé 1600x900 ni?

#6 Ìyá Ẹ̀rọ Kétu

A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn tó pé ni ojúlówó àtúnṣe, èyí sì tó láti fi ṣiṣẹ́ òòjọ́. Kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ ṣírò rẹ̀:

`cvt 1600 900 60`

Ó máa kọ ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Modeline. Ohun tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà ni o máa gbé sínú àwọn àṣẹ wọ̀nyí:

`xrandr --newmode "1600x900_60.00" 118.25 1600 1696 1856 2112 900 903 908 934 -hsync +vsync`
`xrandr --addmode VGA-1 "1600x900_60.00"`

118.25 yẹn ni iye mílíọ̀nù píksẹ́lì tí yóò máa kọjá nínú okùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mónítọ̀ bá dúdú tàbí tó kọ ọ́ sójú pé ìwọ̀n yìí ju òun lọ, má tẹnpẹlẹ mọ́ ọn. Èyí tó fúyẹ́ ni kí o fi dípò rẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ mónítọ̀ 1600x900 ń lò láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n:

`xrandr --newmode "900fuye" 108.00 1600 1624 1704 1800 900 901 904 1000 +hsync +vsync`

Bó bá jẹ́ èyí lo lò, "900fuye" ni kí o kọ dípò "1600x900_60.00" nínú `--addmode` àti nínú àṣẹ tó kàn.

Wàyí o, àṣẹ tó to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlà kan ṣoṣo ni:

`xrandr --output LVDS-1 --off --output HDMI-1 --primary --mode 1920x1080 --pos 0x0 --output VGA-1 --mode 1600x900_60.00 --pos 1920x180`

Tẹ ẹ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀, má pín in. Bí o bá kọ́kọ́ tan VGA kí o tó pa LVDS, CRTC kò ní í sí nílẹ̀ fún un, àṣìṣe àná ni yóò tún kọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé `1920x180`. Fojú inú wo tábìlì ńlá kan, igun òkè lápá òsì ni 0x0. Mónítọ̀ ńlá gba píksẹ́lì 1920 ní ìbú, nítorí náà èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 1920. Gíga ńlá jẹ́ 1080, ti kékeré jẹ́ 900, ohun tó fi ju ara wọn lọ jẹ́ 180. Bí o bá fi 0 síbẹ̀, òkè wọn ló bá ara wọn mu. Ọfà eku yóò máa kan ògiri bó bá fẹ́ ti ìsàlẹ̀ ńlá sọdá sí kékeré. Bí ẹsẹ̀ mónítọ̀ méjèèjì bá dúró lórí tábìlì kan náà, ìsàlẹ̀ ni kí o jẹ́ kó dọ́gba, ìyẹn 180. Bí o bá gbé ìwé lé abẹ́ kékeré kó lè ga, fi mítà ìdíwọ̀n wọn ibi tí òkè rẹ̀ dé, kí o dín 180 kù títí ọfà yóò fi máa sọdá ní ọ̀gangan ojú rẹ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn tó ń lo bọ́tìnnì AZERTY bíi tiwa níbí: bọ́tìnnì 6 láìtẹ Maj ni ìlà kúkúrú yẹn. Ìlà méjì ló ṣáájú orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú xrandr. Bí o bá daà á kọ láti inú ìwé tí a fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, ó lè ti so méjèèjì pọ̀ di ìlà gígùn kan, xrandr kò ní í mọ̀ ọ́n.

#7 Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Gbogbo èyí yóò pòórá bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Ẹ kọ fáìlì `/etc/X11/xorg.conf.d/10-monitor.conf`, ẹ fi Modeline, ipò, gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ `Option "Enable" "false"` fún LVDS-1. Ó parí.

#8 Okùn-Kò-Já

Àbúrò, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, apá kan léwu. Láptọ́ọ̀pù ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde láìsí mónítọ̀, Xorg yóò ka fáìlì yẹn, yóò pa ojú kan ṣoṣo tó kù, ojú dúdú ni wọn yóò máa wò. Ẹni tí kò mọ̀ pé Ctrl+Alt+F3 lè gbé e dé ibi ìwé lásán yóò rò pé ẹ̀rọ ti kú.

Modeline nìkan ni kí a fi síbẹ̀, nítorí òun kò lè pa ẹnikẹ́ni lára:

`Section "Monitor"`
`  Identifier "VGA-1"`
`  Modeline "1600x900_60.00" 118.25 1600 1696 1856 2112 900 903 908 934 -hsync +vsync`
`  Option "PreferredMode" "1600x900_60.00"`
`EndSection`

Ìtò wọn, autorandr ni kó máa ṣe é. `sudo apt install autorandr`. To mónítọ̀ bó o ṣe fẹ́, kí o wá kọ `autorandr --save ibise`. Yọ okùn méjèèjì, tan ojú láptọ́ọ̀pù, kọ `autorandr --save irinajo`. Láti ìgbà náà lọ, yóò máa wo ohun tó so mọ́ ẹ̀rọ, yóò sì mú ìtò tó bá a mu. Bó bá kọ̀, `autorandr --change` yóò fi ipá mú un.

Ẹ kíyè sí i pé EDID ni autorandr fi ń dá mónítọ̀ mọ̀. VGA tí EDID rẹ̀ jẹ́ òdo kò ní orúkọ lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ra okùn tó pé, ẹ tún `--save` náà ṣe, nítorí pé mónítọ̀ tuntun ni yóò kà á sí.

Xfce pẹ̀lú ń tọ́jú ìtò tirẹ̀, ní Paramètres, níbi Affichage. Bí òun àti autorandr bá ń dìmú, ojú yóò máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ bá wọlé. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ kó ṣe é. Lójú tèmi, autorandr ló dára jù fún láptọ́ọ̀pù, Affichage sì tó fún kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan.

#9 Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Òótọ́ ni, n kò ro ti ìrìnàjò. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí lórí GNOME: ẹ kọ́kọ́ tẹ `echo $XDG_SESSION_TYPE`. Bó bá dáhùn wayland (ètò tuntun tó ń ṣe iṣẹ́ Xorg), xrandr kò ní agbára níbẹ̀, autorandr náà kò ní. Super+P ń pààrọ̀ láàrin ìtò, ibi Écrans nínú Paramètres ni ẹ ti ń tò wọ́n, fáìlì tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ni `~/.config/monitors.xml`. Ojú ìwọlé kò mọ fáìlì yẹn. Ìdí nìyẹn tí àpótí ọ̀rọ̀ aṣínà fi máa ń wà lójú tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Lórí Debian 12, ẹ daà á kọ síbẹ̀:

`sudo cp ~/.config/monitors.xml /var/lib/gdm3/.config/`

KDE ní `kscreen-doctor -o` láti fi wo orúkọ wọn. Àwọn tó ń lo Sway, kanshi ni autorandr tiyín.

#10 Olùkọ́ Àjàrá

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Projector tí a fi ń kọ́ ọmọ gba 1024x768, láptọ́ọ̀pù jẹ́ 1366x768, LVDS-1 náà ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ní kí méjèèjì fi ohun kan náà hàn, apá ọ̀tún máa ń gé lára ògiri. Ihò VGA kò sí lára láptọ́ọ̀pù, adápítọ̀ HDMI sí VGA la ń lò. Ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó tún ń padà.

#11 Ìyá Ẹ̀rọ Kétu

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Gígé yẹn ní àtúnṣe kíákíá lórí Xorg:

`xrandr --output HDMI-1 --mode 1024x768 --same-as LVDS-1 --scale-from 1366x768`

Ó máa fún gbogbo 1366 wọ inú 1024. Lẹ́tà yóò tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò sọnù. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ kedere, ẹ sọ láptọ́ọ̀pù gan-an di 1024x768 fún àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́.

Adápítọ̀ yẹn kì í ṣe okùn lásán. Chip wà nínú rẹ̀ tó ń sọ àmì HDMI di ti VGA, iná tó ń jẹ sì ń bọ̀ láti abẹ́rẹ́ 18 HDMI, fólítì 5. Ìlànà HDMI kò fi dandan lé e pé kí láptọ́ọ̀pù fúnni ju 55 mA lọ níbẹ̀. Adápítọ̀ tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ yóò gbóná, iná ibẹ̀ yóò rẹlẹ̀, yóò kú, yóò tutù, yóò tún jí. Ẹ wá irú èyí tó ní ihò micro-USB lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi okùn gba iná fún un láti ihò USB láptọ́ọ̀pù. Èyí wọ́pọ̀ ju ohun tí ènìyàn rò lọ, àwọn ènìyàn sì máa ń fi sùn projector láìṣẹ̀.

Kí n tún kìlọ̀ fún gbogbo yín nípa àpótí tó ń pín HDMI kan sí méjì. Àwòrán kan náà ló ń fi sójú méjèèjì. Kò sọ mónítọ̀ kan di méjì.

#12 Atẹ̀wé Àjàṣẹ́

1600x900 ti wà lójú VGA, lẹ́tà "o" ti padà di o. Ìbéèrè méjì ló kù: bí a bá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ẹ̀rọ ń sùn. Àti pé ṣé ọ̀nà kankan wà láti rí ojú kẹta láì ra kọ̀ǹpútà mìíràn?

#13 Okùn-Kò-Já

Ìdérí: systemd, ètò tó ń darí iṣẹ́ inú Linux, fúnra rẹ̀ kì í mú ẹ̀rọ sùn bí mónítọ̀ mìíràn bá so mọ́ ọn, nítorí pé `HandleLidSwitchDocked` jẹ́ ignore láti ilé. Xfce ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣí `xfce4-power-manager-settings`, wo ohun tí wọ́n kọ fún ìdérí, ti ìgbà tí iná wà àti ti ìgbà tí ó wà lórí bátìrì. Yan kó má ṣe nǹkankan fún ti ìgbà tí iná wà, fi ti bátìrì sílẹ̀ kó máa sùn, kó má baà gbóná nínú àpò. Kí o sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ láptọ́ọ̀pù mìíràn ń gba àárín bọ́tìnnì wọlé. Fi ìdérí sílẹ̀ ní ìbú ìka méjì bó bá jẹ́ pé o ń tò ìwé fún wákàtí púpọ̀.

Ojú kẹta: adápítọ̀ USB tó ní chip DisplayLink lè ṣe é. Kò nílò CRTC inú Intel, processor ni yóò máa ya àwòrán náà, tí yóò máa fún un pọ̀, tí yóò sì gba USB rán an. Ó dára fún ìwé tí kì í mira, bíi ohun tí oníbàárà kọ. Fídíò yóò máa fà. Ó ní dráífà tirẹ̀ tí kò sí nínú kernel, evdi ni apá tó ń wọ kernel nínú rẹ̀, dkms sì ni yóò máa tún un kọ́ nígbàkigbà tí kernel bá yí padà. Bí Secure Boot (ìdènà tó ń kọ ètò tí a kò fọwọ́ sí) bá tàn, o ní láti fọwọ́ sí module náà, ìyẹn evdi yẹn, àìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní í wọlé. Ihò USB 3 tó ní àwọ̀ búlúù ni kí o lò, bó bá wà lára ẹ̀rọ náà.

Iná wá ńkọ́? Wo àkọlé ẹ̀yìn mónítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ 12 V, 3 A, wáàtì 36 ni kò lè kọjá. Méjì jẹ́ 72. So méjèèjì mọ́ onduleur pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, má ṣe so mónítọ̀ mọ́ iná ògiri tààrà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, mónítọ̀ kò ní. Bí iná bá ṣẹ́jú, Xorg lè rò pé wọ́n yọ okùn, gbogbo fèrèsé ìwé rẹ yóò sì kó jọ sójú kan.

#14 Atẹ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Xfce la ti yí padà fún ìdérí, autorandr ti ní ibise àti irinajo. Okùn VGA mìíràn ti dé, mítà dún lórí 12 àti 15. Ìlà tuntun ni pé:

`card0-VGA-1 connected 128`

1600x900 fara hàn fúnra rẹ̀ lẹ́nu xrandr, a ti pa Modeline rẹ́ nínú 10-monitor.conf, a sì ti tún `--save ibise` ṣe, nítorí pé orúkọ tí a fún ìwọ̀n náà tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́.

#15 Ìyá Ẹ̀rọ Kétu

O ṣe é dáadáa. Kọ "12 kò sí" sára bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn àtijọ́ yẹn kí ẹlòmíràn má baà mú un lò.